Bí ìwé rẹ bá ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, má wọ bàálù

Ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Birmingham ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ní, "Àǹtí mi, mo ń lọ sílé fún ìgbéyàwó Sísítà mi ní Oǹdó, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì." Inú mi dùn. Mo ní ìwé ìgbélùú rẹ ti jáde nìyẹn? Ó ní rárá o, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn lòun lọ tẹ̀ka. "Ṣùgbọ́n páálí mi, pásípọ́ọ̀tù mi, wà lọ́wọ́ mi, Àǹtí. Wọn ò gbà á. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni mo fẹ́ lò, ta ni yóò mọ̀?"

Orí àtẹ̀gùn ni mo wà, ibẹ̀ náà ni mo jókòó sí.

Mo lè bá òun nìkan sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ iye ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àkúrẹ́ báyìí tẹ́ ẹ ń ta ilẹ̀ Ọ̀bà-Ilé kí ẹ lè jápa. Mi ò ní kí ẹ má wá, èmi náà wá. Ohun tí ẹni tó ń bá yín ṣe físà kì í sọ ni pé ìgbà kan ń bọ̀ tí ẹ ò ní lè kúrò ní Ìlú Ọba, bó ti wù kí ọ̀ràn ilé le tó, owó ara yín lẹ ó sì fi ra ìdè náà.

Bí òfin ṣe wí nìyí. Ẹni tó bá wà nínú Ìlú Ọba, tó fi ìwé sílẹ̀ pé kí wọ́n fi kún ọjọ́ òun tàbí kí wọ́n fún òun ní ILR, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ìlú náà láìní gbèdéke ọjọ́, bó bá jáde kí wọ́n tó dá a lóhùn, ọjọ́ tó jáde gan-an ni wọ́n kà á sí pé ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìwé náà yọ. Ireland, Isle of Man, Jersey àti Guernsey nìkan ni wọn ò kà sí jíjáde, àwa ọmọ Nàìjíríà sì gbọ́dọ̀ gba físà ká tó wọ Ireland. Owó ìwé tí o san ti lọ nìyẹn, torí ẹni tó bá ti tẹ̀ka kì í gbà á padà.

Páálí yẹn gan-an ló ń tan ènìyàn. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń gbà á mọ́ ẹni lọ́wọ́ títí ìwé á fi jáde, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé. Ní báyìí, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀, wọ́n á dá a padà fún ọ, á wà nínú dúrọ́ọ̀ bí ẹni pé o lè máa lọ nígbà tó bá wù ọ́. "Ta ni yóò mọ̀?" Láti 2015 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń jáde ní ìlú yìí sílẹ̀. Káàdì ìgbélùú pàápàá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní òpin 2024, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àṣẹ rẹ wà, ibẹ̀ sì ni wọn yóò wò nígbà tí o bá dúró sí Èkó tí o fẹ́ wọ bàálù padà.

Bí físà rẹ bá ṣì ní ọjọ́ nílẹ̀, o lè fi í wọlé padà, kí o tún bẹ̀rẹ̀, kí o tún owó san. Ìyẹn dun ni, ṣùgbọ́n kò pa ni. Ẹni tí físà rẹ̀ ti parí níbi tó ti ń dúró ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé tó fi sílẹ̀ yẹn nìkan ló gbé e ró ní ìlú yìí. Ọjọ́ tó bá jáde, ìwé náà àti àṣẹ tó fi ń gbé ìlú yìí, méjèèjì ti bọ́ nìyẹn. Á wà ní Àkúrẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ á wà ní Birmingham, owó ilé á máa gorí ara wọn.

Oṣù Kẹwàá 2020 ni èmi dé síbí, nọ́ọ̀sì ni mí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, mo san £3,029, mo fi ìwé ILR sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó yá lè fi £1,000 lé e, ìdáhùn á sì sábà dé lọ́jọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tó tẹ̀ka. Mo ní £1,000 náà lọ́wọ́. Àmọ́ òrùlé ilé bàbá mi ní Ìjọ̀kà ń jò, wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì wọn kúrò ní yàrá bọ́ sí pálọ̀. Mo ní kí ni mò ń kánjú fún? Mo fi owó náà ránṣẹ́, wọ́n fi ra páànù. Ọjọ́ tí wọ́n kàn án tán, bàbá mi pè mí, wọ́n sì gbàdúrà fún mi títí kírẹ́díìtì wọn fi tán.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo tẹ̀ka tí wọ́n sùn tí wọn ò jí. Físà mi ti parí nígbà náà.

Ẹbí ṣèpàdé, wọ́n gbé fóònù sáàárín kí n lè máa gbọ́. Mo ṣàlàyé, mo tún un ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Ìwọ ni àkọ́bí. Ọjọ́ mẹ́ta péré la ní kí o fún wa." Nígbà tí mo ní kò ṣeé ṣe, wọ́n ní, "Ṣé ìwé ló bí ọ ni?" Mi ò bá wọn jà, n kò sì ní bá wọn jà láé, àwọn ni wọ́n gbé mi lọ sí FUTA lọ́jọ́ tí mo lọ kọ ìdánwò àkọ́kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Nílẹ̀ wa, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹnu bàbá mi gan-an ni mo ti kọ́ gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin bàbá tiwọn, èmi sì dúró tì wọ́n, mo di etí agbádá wọn mú.

Orí fóònù ni mo ti sin wọ́n. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà tí wọ́n ń sọ pósí kalẹ̀, ìgbà tí yóò fi padà, ṣọ́bìrì ni mo rí. Aṣọ ẹbí tí wọ́n rán fún mi ṣì wà nínú àpótí ní Ìjọ̀kà. Òjò rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn àlejò sá wọ inú ilé, àbúrò mi yí kámẹ́rà sókè kí n lè rí òrùlé. Kò jò.

Oṣù Kìíní ni ILR mi jáde. Mo wà níbi iṣẹ́ alẹ́, mo ń ran bàbá oníbàbá lọ́wọ́ kí wọ́n lè jókòó dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sílé. Òfin gba òṣìṣẹ́ tó ń ka ọdún ILR láyè kó lo tó ọjọ́ 180 níta láàárín oṣù 12 èyíkéyìí. Púpọ̀ nínú wa kì í lo ọgbọ̀n. Ẹ lọ jẹ iyán lọ́dọ̀ ìyá yín, ẹ padà, kí ẹ tó wá fọwọ́ sí i. Ẹ lè fi ìwé ILR sílẹ̀ láti ọjọ́ 28 ṣáájú kí ọdún yín tó pé, nítorí náà ẹ ṣírò ìrìn-àjò yín síwájú rẹ̀. Bí irú ìwé tiyín bá ní àǹfààní owó kíá, ẹ tọ́jú owó náà kí ẹ tó ra páànù fún ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí láti kọ gbólóhùn yẹn.

Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà náà kò bọ́ níbẹ̀. Bó bá ń dúró de green card láti inú ìlú wọn, àfi kó gba advance parole, ìwé àṣẹ pé ó lè jáde kó sì padà wọlé, kó tó jáde, àyàfi àwọn tó wà lórí físà iṣẹ́ bíi ti H-1B.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò tíì kúrò, ẹ sọ ọ́ fún bàbá àti ìyá yín báyìí, lójúkojú, pé ọjọ́ kan lè dé tí wọn yóò pè yín tí ẹ ò ní lè wá. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn àgbà ẹbí pẹ̀lú, kí ó má jẹ́ ìdí òkú ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ní oṣù Karùn-ún 2025, ìjọba wọn ní àwọn fẹ́ sọ ọdún márùn-ún ILR di mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìyẹn ni pé ẹ ó ti dàgbà sí i, àwọn òbí yín náà á ti dàgbà sí i. Àti pé láti ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, wọn ò gba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú (care worker) tuntun láti òkè òkun mọ́. Ẹni tó bá ṣì ń gba owó yín fún irú iṣẹ́ yẹn, ẹ bi í pé ẹnu ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà.

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé ìwọ náà á ka èyí. Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ fún mi pé físà rẹ parí lóṣù tó kọjá. Pe àwọn ilé iṣẹ́ bàálù lówùúrọ̀ ọ̀la, kí wọ́n sún ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn síwájú. Iye tí wọ́n bá gbà lórí rẹ̀, fi nọ́ńbà àkáǹtì rẹ ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni n ó pe Mọ́mì ní Oǹdó, n ó ní èmi ni mo dá ọ dúró, kí ó jẹ́ èmi ni wọn yóò bínú sí.