Òróró kọ́ ni awọ dáṣíbọ́ọ̀dù ń fẹ́

Ẹ dé ibi ìfọkọ̀ èyíkéyìí ní Ìkòròdú, láti Sábó títí dé Ìta-Ẹlẹ́wà, kí ẹ bi àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ pé kí lèèyàn lè ṣe kí awọ orí dáṣíbọ́ọ̀dù má baà ṣí. Ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: "Ẹ máa fi òróró pa á. Ó ti gbẹ ni." Ọ̀kan á ní fasilíìnì, òmíràn á ní òróró ẹ̀pà, ẹni tó bá fẹ́ fi hàn pé òun lajú jù wọ́n lọ á gbé ike sípíréè tó ń mú nǹkan dán yanran jáde. Kì í sì í ṣe àwọn ọmọ yìí nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó fi owó gidi ra spọ́ọ̀tì káà náà gbà á gbọ́, wọ́n á máa pa á ní gbogbo ọ̀sẹ̀, awọ náà á sì máa ṣí lọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ibi tó ti wá. Awọ gàárì ẹṣin, awọ bàtà àtijọ́, awọ àpò tí kò ní ọ̀dà lára, gbogbo wọn ń mu ọ̀rá, wọ́n sì ń rọ̀ tí wọ́n bá mu ún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ta irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ nínú agolo fún àwọn tó ní ọkọ̀ aláwọ: Connolly, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe awọ fún Rolls-Royce àti Jaguar nígbà kan rí, ló ta èyí tó lókìkí jù. Ohun tí bàbá ṣe sí gàárì lọmọ wá ń ṣe sí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Awọ inú ọkọ̀ òde òní yàtọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe awọ màlúù náà tán, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n á tún fi pọliuretéènì, irú ike kan tó mọ́ gaara, bo orí ọ̀dà yẹn pátápátá. Ìyẹn lọwọ́ yín ń fara kàn nígbà tí ẹ bá rò pé awọ lẹ ń fọwọ́ pa. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i. Tí omi bá dúró róbótó bí ìgbà tó wà lórí ewé kókò, kò sí òróró tó máa wọ ibẹ̀. Orí ló máa wà, eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, òróró ẹ̀pà á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn nígbà tó bá yá, ìmọ́lẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń dán á sì máa hàn nínú gíláàsì iwájú tí ẹ kò fi ní rí títì dáadáa lọ́sàn-án gangan. Awọ tí omi bá wọ̀ lára, tó sì ṣú, nìkan ni ọ̀rá ṣì lè ràn lọ́wọ́, irú rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n gan-an lórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Kí ló wá ń ṣí i? Ooru ni, àti gọ́ọ̀mù.

Ọ̀rinrin díẹ̀ máa ń wà nínú awọ. Tí ooru bá fà á jáde, awọ á súnkì. Tí ọ̀rinrin bá padà, á tún fẹ̀ díẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún kì í fẹ̀ tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọyẹ́ oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní máa ń gbẹ ẹ́, òjò á tún mú un tutù, oòrùn oṣù Kejì àti Ìkẹta á tún yan án. Ní gbogbo àkókò yìí, awọ ń fa etí ara rẹ̀, gọ́ọ̀mù tó yẹ kó dì í mú sì ń rọ̀ nínú ooru kan náà. Ẹ wo ibi tó máa ń kọ́kọ́ ṣí: etí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú níbi tí ooru pọ̀ sí jù, ẹnu ihò tí atẹ́gùn éésì ń gbà jáde, àti ibi tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ti tẹ̀ wọnú. Ní ibi tó tẹ̀ wọnú yẹn, awọ tó ti súnkì á gba àbùjá kọjá lórí kòtò náà, ẹ ó wá rí i tó wú, tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á wọlé. Tí ẹ bá mú ìka kúrò, á tún jáde.

Wọ́n ti wọn ooru yìí. Àwọn olùwádìí láti Arizona State University àti University of California San Diego gbé ọkọ̀ sí oòrùn àti sí ibòòji ní Tempe, ní Arizona, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Láàárín wákàtí kan nínú oòrùn, dáṣíbọ́ọ̀dù gbóná dé nǹkan bí 69°C, nígbà tí ìjókòó wà ní nǹkan bí 51°C. Nínú ibòòji, dáṣíbọ́ọ̀dù wà ní nǹkan bí 48°C. Òótọ́ ni pé Ìkòròdú kì í gbóná tó Arizona, ṣùgbọ́n ẹ wo àlàfo tó wà láàárín 69 àti 48. Kò sí fasilíìnì tó lè dí àlàfo yẹn, nítorí fasilíìnì fúnra rẹ̀ ti yọ́ kí ooru tó dé ìdajì ọ̀nà.

Spọ́ọ̀tì káà ló ń jìyà yìí jù, kì í sì í ṣe pé awọ rẹ̀ burú. Gíláàsì iwájú rẹ̀ dùbúlẹ̀ gan-an, dáṣíbọ́ọ̀dù sì gùn wọ abẹ́ rẹ̀, nítorí náà oòrùn ń bọ́ sórí rẹ̀ tààrà. Ẹni tó bá ti sún mọ́ Ferrari 360 tàbí Porsche 911 àtijọ́ tí wọ́n fi awọ bo dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ní tiwa níbí, ó tún ní èyí tó kún un: ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ga kì í jáde lójoojúmọ́. Ta ló fẹ́ fi bọ́ńpà olówó iyebíye gbá kòtò? Ó di Sátidé tí òde bá wà. Ní ọjọ́ yòókù, ó dúró gbári sínú ọgbà, ó kọjú sí oòrùn, gbogbo fèrèsé ní títì.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan, pupa fòò, wá sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ran ìjókòó ọkọ̀ lọ́nà Ẹ̀bútẹ́ nígbà tí mo wà níbẹ̀. Awọ ti ká sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ó sì ń dán yanran. Ọ̀gá fi ìka gbé etí rẹ̀ sókè, ó fi aṣọ funfun nu abẹ́ rẹ̀, aṣọ náà jáde pẹ̀lú ọ̀rá. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ta gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i kí ẹni tó ni ọkọ̀ lè fojú ara rẹ̀ rí i. Gọ́ọ̀mù náà kò tẹ́ rárá, ńṣe ló ń sá jọ sójú kan, tí ibòmíràn sì ṣófo.

"Ọ̀gá, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń bá mi pa á o."

"Alhaji, ẹ má bínú, ohun tí wọ́n ń pa yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó lẹ̀."

Sílíkóònù, èròjà tó ń yọ̀ nínú sípíréè, ló gba etí awọ wọlé. Ibi tó bá ti dé, gọ́ọ̀mù kì í fẹ́ dúró níbẹ̀, ọ̀dà náà kì í fẹ́ dúró. Iṣẹ́ tí ì bá tán kíákíá di fífọ̀ àti nínù léraléra. Èyí ló ń bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ òróró yìí: kò dáàbò bo awọ, ó tún ń ba àtúnṣe jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ya nǹkan kan sọ́tọ̀, nítorí gbogbo rẹ̀ là ń pè ní ṣíṣí. Tí awọ bá gbé ara rẹ̀ kúrò lára dáṣíbọ́ọ̀dù, tó sì ṣì pé, ìyẹn ni mo ti ń sọ láti òkè. Tí ọ̀dà orí awọ bá ń ṣí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, tí awọ sì wà níbi tó wà, iṣẹ́ ọ̀dà nìyẹn. Tí ó bá ń ré bọ́ wẹ́wẹ́ tí aṣọ sì hàn lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe awọ màlúù rárá. Pọliuretéènì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ aṣọ ni, ọ̀rinrin àti ooru ló sì ń já a láti inú. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà la wà, ọ̀rinrin ò wọ́n wa. Irú èyí kò ní àtúnṣe àfi kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n fi òmíràn bò ó, ẹni tó bá ní òun lóògùn rẹ̀ nínú ike kan fẹ́ gba owó yín ni.

Ní ti ìdènà, kò ṣòro. Ẹ ra aṣọ onífàdákà tí wọ́n ń tẹ́ sẹ́yìn gíláàsì iwájú, kí ẹ sì máa tẹ́ ẹ nígbàkúgbà tí ẹ bá páàkì, kódà nínú ọgbà yín. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sí ìhà tí oòrùn ọ̀sán ti ń wá. Tí ibẹ̀ bá láàbò, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ kí ooru lè jáde. Àwọn kan ń náwó sórí ìpara tó ń dènà ìtànṣán oòrùn. Gíláàsì iwájú tó ní ike láàárín ti dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán ọ̀hún dúró tẹ́lẹ̀, ooru ni kò dá dúró. Fún ìmọ́tótó, aṣọ rírọ̀ tí wọ́n fún gbẹ dáadáa àti ọṣẹ díẹ̀ tí kò le ti tó.

Tó bá ti ṣí, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ibi tí kò tíì súnkì jù ṣì lè padà. Kí wọ́n kọ́kọ́ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lára dáṣíbọ́ọ̀dù àti lẹ́yìn awọ, kí wọ́n sì fi sípíríìtì nu ọ̀rá kúrò. Kí wọ́n fi omi díẹ̀ tu ẹ̀yìn awọ lára, kí wọ́n fi díráyà irun mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ débi tí ọwọ́ ṣì lè gbà á, kí wọ́n máa fà á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé etí rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gọ́ọ̀mù tó lè gba ooru, kì í ṣe gọ́ọ̀mù bàtà lásán, yóò wọ ojú méjèèjì. Kí wọ́n dúró títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń fi abẹ́rẹ́ fín gọ́ọ̀mù sábẹ́ awọ, tí tínà inú rẹ̀ kò wá rọ́nà jáde àfi gba inú ọ̀dà. Súpà-glú ńkọ́? Ó ń gan, ó ń fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e sún mọ́ ọkọ̀ yín.

Tí awọ bá ti súnkì débi tí kò lè dé etí mọ́, kò sí fífà tó máa mú un dé. Wọ́n máa tú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ ni, wọ́n á sì fi awọ tuntun bò ó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe é bóyá ó ti bo èyí tó ní éábáàgì, àpò afẹ́fẹ́ tó ń yọ jáde lọ́jọ́ ìjàǹbá, rí. Awọ tó wà lórí éábáàgì ní ojú ibi tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kó fẹ́lẹ́ kó lè ya lọ́jọ́ ìjàǹbá. Tí wọ́n bá fi awọ tó nípọn tàbí òwú tó yi rán ibẹ̀, éábáàgì lè má jáde bó ṣe yẹ. Kí wọ́n yọ bátìrì kúrò kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà rẹ̀. Tó bá ní òun ò mọ̀ nípa ìyẹn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn.