"Ṣé wọ́n padà sílé?" Èrò ọkàn mi lórí Tales of Arise

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ Tales of Arise bá délẹ̀ láàárín àwa tí à ń gbá géèmù ní Kétu ti Benin níbí, ibì kan náà ló máa ń já sí: apá àkọ́kọ́ dùn bí oyin, apá kejì ń súni. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n á ní ọ̀tá kì í kú bọ̀rọ̀, èèyàn á máa fi idà lu ẹranko kan ṣoṣo títí àtàǹpàkò á fi ro ó. Wọ́n á ní ẹranko tá a ti pa nílẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n kàn rẹ láró tuntun, tí wọ́n ní ká tún wá pa nílẹ̀ kẹrin. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ibi tó ń dun èmi kọ́ nìyẹn.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni Bandai Namco gbé e jáde láti Japan, fún PS4, PS5, Xbox àti kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ni lára ìdílé géèmù Tales tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995. Òun ló gba ẹ̀bùn RPG (géèmù onítàn tí èèyàn ti ń ṣe bí ẹ̀dá inú rẹ̀) tó dára jù lọ ní The Game Awards ọdún yẹn. Àwòrán rẹ̀ dà bí ánímè tí ẹnì kan fi omi po àwọ̀ rẹ̀ sórí ìwé. Èdè Japan tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Faransé ilé ìwé yẹn ni mo fi tẹ̀ lé ìtàn náà, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn àbúrò mi bó ṣe ń lọ.

Ayé méjì ló wà. Dahna wà nísàlẹ̀, Rena so rọ̀ lókè bí òṣùpá. Ó ti tó 300 ọdún tí àwọn ará Rena ti kó àwọn ará Dahna lẹ́rú. Wọ́n pín ilẹ̀ wọn sí márùn-ún, wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí i. Òkúta kékeré kan wà lára ẹrú kọ̀ọ̀kan tó ń fa agbára rẹ̀ lọ, torí àwọn ajẹ́lẹ̀ yìí ń bá ara wọn du oyè, ẹni tó bá rí agbára kó jọ jù ni yóò jọba. Ọ̀kan nínú àwọn ẹrú náà wà tí ìbòjú irin bo orí rẹ̀, kò ṣe é bọ́. Kò mọ orúkọ ara rẹ̀. Iná lè jó o kó má mọ̀, torí ara rẹ̀ kì í gbọ́ ìrora. Ìbòjú Irin ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìyá àgbà wọlé wá mú àtùpà wọn. Ìyá tó bí bàbá mi ni. Wọn kì í wo ohun tí à ń gbá, ariwo rẹ̀ ni wọ́n máa ń bá wa wí lé lórí. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n dúró lẹ́yìn mi. Ọmọkùnrin náà ń ru òkúta pẹ̀lú àwọn ẹrú yòókù nínú ooru Calaglia, ilẹ̀ àkọ́kọ́ nínú márùn-ún yẹn.

"Ta ló fi irin bo ọmọ yìí lójú?"

Mo ní ẹrú ni, ìyá.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo ní òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé àtùpà kalẹ̀, wọ́n jókòó.

Ọmọ Kétu á mọ ìdí tí wọ́n fi jókòó. Ní 1886, ogun Dàhòmì fọ́ ìlú yìí, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa lọ sí Àgbómẹ̀. Ìyá àgbà ti ìyá àgbà mi wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n kó, kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí àwọn Faransé wọ Àgbómẹ̀ ní 1892, tí okùn já, àwọn tó wà láàyè fẹsẹ̀ rìn padà wálé, wọ́n bá igbó níbi tí ilé wà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán an. Òun náà padà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fún un lọ́hùn-ún ló gbé bọ̀, òun náà ló fi kú. Títí dòní, kò sẹ́nì kan nínú agbo ilé wa tó mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀. Bí ẹ bá dé Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu ibodè àtijọ́ tí àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀ yẹn, ilé wa kò jìnnà síbẹ̀. Àárín ìtàn yìí la dàgbà sí.

Láti alẹ́ yẹn, ìyá àgbà kì í jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n wà níbẹ̀. Inú wọn dùn nígbà tí ìbòjú náà fọ́ lápá kan, tí ọmọkùnrin náà rántí pé Alphen ni orúkọ òun. Wọ́n fẹ́ràn Shionne, ọmọbìnrin ará Rena tó jẹ́ pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ẹ̀gún á gún un wọnú egungun. Alphen nìkan ló lè dì í mú, torí kò mọ ìrora. Rinwell, ọmọbìnrin ará Dahna tó ń bá wọn rìn, ni wọn kò kọ́kọ́ gbà, nítorí òwìwí tó ń gbé kiri nínú ẹ̀wù rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ wo ló ń bá òwìwí sùn? Ó gbà mí ní alẹ́ mẹ́ta kí n tó rí wọn pa lẹ́nu mọ́.

Ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi mí bí a bá ti gba ilẹ̀ kan lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀: "Àwọn tí ẹ tú sílẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n padà sílé?"

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn apá àkọ́kọ́ géèmù náà nìyẹn, torí ó ń dáhùn. Ní Cyslodia, nínú yìnyín, ẹrú ló ń ṣọ́ ẹrú, aládùúgbò ló ń tú àṣírí aládùúgbò fún ajẹ́lẹ̀. Ẹ tú wọn sílẹ̀ tán, ojú wo ni wọ́n á fi máa wo ara wọn ní ọjà? Law, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wá ń bá wa rìn, ti bá àwọn olófòófó yẹn ṣiṣẹ́ rí, bàbá rẹ̀ sì ni olórí àwọn tó ń jà fún òmìnira. Ní Mahag Saar, àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ìyà ti ń gbẹ̀san lára ará Rena, àti ẹni tó ṣe àti ẹni tí kò ṣe. Ajẹ́lẹ̀ ibẹ̀ ló pa ìdílé Rinwell, ọmọ náà dúró síwájú rẹ̀ láti pa á, ó sì dáwọ́ dúró. Ìyá àgbà sunkún. N kò rí wọn kí wọ́n sunkún lórí ohunkóhun nínú tẹlifíṣọ̀n rí.

Ṣùgbọ́n Menancia, nílẹ̀ kẹta, ló mú èmi. Dohalim ni ajẹ́lẹ̀ ibẹ̀, ó ní kí ará Rena àti ará Dahna máa gbé pọ̀. Ìlú náà lẹ́wà, wọ́n jọ ń tajà, wọ́n jọ ń ṣọ́ ẹnubodè. Síbẹ̀ ìwà ibi ń lọ lábẹ́lẹ̀, arákùnrin Kisara, obìnrin ará Dahna tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ Dohalim, sì bá a lọ. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, Kisara àti Dohalim ṣì jọ jókòó nídìí iná kan náà, wọ́n jọ jẹun. Àwọn kan sọ pé irọ́ ni, pé ẹni tó padà rí bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Ó wà. Ọmọ Bohicon ni ìyá mi, Fọn ni, ìran àwọn Dàhòmì. Ọdún méjì ni ìyá àgbà fi pè é ní "ọmọ Fọn yẹn" kó tó di "ìyàwó mi" lẹ́nu wọn. Inú ilé yẹn ni wọ́n ti bí mi. Ohun tó wà láàárín ọdún méjì yẹn, oúnjẹ tí wọn kò jẹ, ìkíni tí wọn kò dáhùn, títí di ọjọ́ tí wọ́n ní kó wá bá àwọn di gèlè, òun gan-an ni mò ń fẹ́ rí nínú géèmù.

Ẹni tí kò tí ì parí rẹ̀, kó fo ibí yìí. Lẹ́yìn ajẹ́lẹ̀ karùn-ún, wọ́n gbé wa fò lọ sókè, a dé Lenegis, ibùdó àwọn ará Rena lójú ọ̀run, a dé Rena. Ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀mí àwọn ìràwọ̀, àti àwọn ẹ̀dá tó wà lẹ́yìn àwọn ará Rena. A gbọ́ pé ará Dahna tí wọ́n jí gbé láyé àtijọ́ ni àwọn ará Rena fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn! Èmi Kétu tó bí mi, èmi Fọn tó bí mi, mo dìde dúró nígbà tí mo kà á. Mo rò pé wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ náà padà sílẹ̀, kí ará Calaglia gbọ́ ọ, kí ẹni tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ òun ló pa á. Wọn kò ṣe é tó. Wákàtí lé wákàtí ni wọ́n fi ń ṣàlàyé bí ayé méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn ẹrú sì di ẹni tí à ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ́nà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ pọ̀ jù, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe pípọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nídìí iná náà, bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ, bí Kisara ṣe ń kọ́ wọn ní ẹja pípa, kò sì sẹ́ni tó sú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀. Alẹ́ méjì ni ìyá àgbà béèrè ìbéèrè wọn tí n kò rí èsì fún wọn. Ní alẹ́ kẹta, wọn kò wá mọ́.

Nípa ìjà, mi ò ní fi àkókò ṣòfò: ó dùn, ó yá, ẹni tó bá sọ pé kò dùn kò tí ì mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́. Oògùn ìwòsàn ló wọ́n jù.

Lóṣù kọkànlá ọdún 2023 ni wọ́n gbé àfikún rẹ̀ jáde, Beyond the Dawn. Ọdún kan lẹ́yìn ìparí ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó gbá a bú u: ibi tá a ti rìn tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìpele tí èèyàn ti fi òógùn gùn kì í sì bá a wọlé. Ó burú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ìbéèrè ìyá àgbà. Àwọn tó dòmìnira àti àwọn tó kó wọn lẹ́rú ń gbé ìlú kan náà, ó sì ń ni wọ́n lára. Ọmọbìnrin kan wà, Nazamil, ajẹ́lẹ̀ ará Rena ni bàbá rẹ̀, ará Dahna ni ìyá rẹ̀, ìhà méjèèjì kò fẹ́ rí i. Èyí ni wọ́n yọ sílẹ̀, tí wọ́n wá ń tà fún wa lọ́tọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì! Inú ìtàn àkọ́kọ́ ló yẹ kó wà, láàárín wákàtí tí wọ́n fi ń ka ìràwọ̀ fún wa. N kò ní dárí jì wọ́n lórí ìyẹn.

Mo tọ́jú owó rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, mo rà á. Mo lọ kan ilẹ̀kùn ìyá àgbà, mo ní ẹ máa bọ̀, wọ́n ti dáhùn yín. Wọ́n wá, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó. Nígbà tí Nazamil jáde, tí mo sọ irú ọmọ tó jẹ́ fún wọn, wọn kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí mi.

"Lọ pe ìyá rẹ wá."

Ìyá mi ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó wọlé. Ìyá àgbà sún lórí ẹní, wọ́n fi ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ wọn níbi tó ṣófo, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, jókòó síbí." Wọ́n ní kí n dá ìtàn náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ìyá mi lè gbọ́ ọ dáadáa. Ní alẹ́ yẹn, èdè méjì ni mo fi ṣe ògbufọ̀.