Ẹ Yé Gbé Ráútà Sẹ́yìn Tẹlifíṣọ̀n Mọ́

Ọ̀rọ̀ ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì kiri ilé wa ní Mọ́kọ́lá yìí, ti sú mi. Orúkọ Wi-Fi méjì ló ń gbé jáde lórí fóònù, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìgbì rédíò tirẹ̀: 2.4 GHz àti 5 GHz. Gbogbo ará ilé ló ń du 5, torí òun ló yá jù. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ kì í lè la ògiri kọjá dáadáa, pàápàá ògiri ilé àtijọ́ tó nípọn bíi tiwa. (Ẹni tó tà á fún wa ò kúkú sọ ìyẹn.) Àbúrò mi á wà nílé ìdáná lẹ́yìnkùlé, á so fóònù mọ́ 5, fídíò á máa yí bírí, á wá figbe ta: "Bọ̀dá mi, dátà ti tán!" Dátà wo ló tán? Bọ́ sórí 2.4, o ò gbọ́!

Màmá wa ló wá burú jù. Wọ́n ní iná ráútà ń ṣẹ́jú, kò bá pálọ̀ mu, ni wọ́n bá gbé e sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, wọ́n tún fi aṣọ bò ó. Tí mo bá gbé e sókè láàárọ̀, kó tó dìrọ̀lẹ́ ó ti padà sábẹ́ aṣọ. Àlejò á sì dé, wọ́n á ní kí n wá ṣàlàyé ìdí tí kò fi yá.