Ẹ Má Pe Ṣọ́jà Wọjà

Lánàá, ẹnì kan gbé ohùn sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwa tá a jọ jáde ní girama. Odidi ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi ń bú ọlọ́jà. Ó ní òun ra kọ́ńgò ẹ̀wà kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun padà débẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ìyá náà ti fowó lé e. Ẹ̀wà kan náà, inú àpò kan náà. Ó ní ìkà ni gbogbo wọn. Ó ní Ọlọ́run á dá wọn lẹ́jọ́, àmọ́ kí Ọlọ́run tó ráyè, kí ìjọba kó ṣọ́jà wọjà, kí wọ́n kọ iye ọjà sára pátákó, ẹni tó bá tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tì í mọ́lé. Kí n tó mu omi ọwọ́ mi tán, èèyàn mẹ́tàdínlógún ti na àtàǹpàkò sí i.

Mi ò fèsì. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀ sí ọmọ ọlọ́jà, wọ́n á ní ìyá mi ni mò ń gbè. Tóò, ìyá mi náà ni mo fẹ́ gbè. Ìdí tí mo fi gbé e wá síbí nìyẹn, níbi tí kò ti sí ọ̀gá ẹgbẹ́ tó máa yọ mí dànù.

Ṣé a ti gbàgbé ni? Ẹ̀ ń sọ ọ́ bíi pé ìjọba ilẹ̀ yìí ò dán an wò rí. Ọdún 1977, láyé ológun, òfin jáde tó fún ìgbìmọ̀ kan lágbára láti dá iye lé ọjà: ìyẹ̀fun, mílíìkì, ṣúgà, iyọ̀, ìṣáná, kẹ̀kẹ́, alùpùpù, mọ́tò, epo. Ìṣáná! Àgbààgbà jókòó, wọ́n ń bá ara wọn jíròrò lórí iye ìṣáná. Ọjà tí wọ́n bá sì ti dárúkọ báyìí, àfi kẹ́ ẹ wá a tì. Tẹ́ ẹ bá máa rí i, abẹ́ káúńtà lẹ ti máa rí i, iye tí wọ́n bá sì pè é fún yín, ẹ ò ní í lè sọ ọ́ sókè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọdé lẹ wà nígbà yẹn, kẹrosíìnì ńkọ́? Ọdún mélòó ni wọ́n fi ń pariwo pé ₦50 ni lítà kan? Kí ẹni tó rà á ní ₦50 nílé epo rí, tí kì í ṣe pé ó mọ máníjà, nawọ́ sókè. Àwọn tó rí i rà ní iye ìjọba ò fi dáná. Ẹlòmíì ni wọ́n gbé e tà fún, kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ra ìgò kan, ó ti di ìlọ́po méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní 1984. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ Shagari lọ́jọ́ tó parí 1983. Buhari ló wà lókè, Idiagbon tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ lẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ọjà òkèèrè ò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n bá fún ní láísẹ́ǹsì ló lè kó o wọlé, àwọn míì sì gba ìwé náà tán, ìwé ọ̀hún gan-an ni wọ́n tà, wọn ò kó ẹyọ páálí kan wọlé. Mílíìkì, ṣúgà, ìrẹsì, Omo, òróró, gbogbo ẹ̀ di ẹsẹ́ńkò, ìyẹn “essential commodities”, ọjà kòṣeémáàní. Ọmọdé tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan mọ ẹsẹ́ńkò.

Màmá mi ní ìsọ̀ pákó kan lójú títì n'Ìbàdàn, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n ń kó páálí sí. Wọn kì í rajà níléeṣẹ́. Ta ló mọ̀ wọ́n níléeṣẹ́? Ọwọ́ alárọ̀bọ̀ tó rà á lọ́wọ́ alárọ̀bọ̀ ni wọ́n ti ń rà á. Iye tí wọ́n rà á ti ju iye tí ìjọba ní kí wọ́n tà á lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Iye tí wọ́n RÀ Á ti ju iye tí ìjọba ní kí wọ́n TÀ Á lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ̀ ṣọ́jà kan yà bàrà sí iwájú ìsọ̀ wa. Àwọn mẹ́rin ló bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan mú kòbókò dání. Kò nà ẹnikẹ́ni, bàtà ara rẹ̀ ló ń fi í gbá, pá, pá, pá. Wọ́n ní kí màmá mi ṣí ẹ̀yìn ìsọ̀. Páálí mílíìkì mẹ́fà, ṣúgà páálí mẹ́ta, Omo díẹ̀. Wọ́n ní ó kó ọjà pamọ́. Ibo ló yẹ kí obìnrin tó ní ìsọ̀ pákó kó ọjà sí, orí páànù? Ṣọ́jà kan gun orí àga ìjókòó màmá mi, ó ní kí èrò tò sórí ìlà. Wọ́n sì tò. Ká tó ṣẹ́jú, ìlà ti gùn dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ. Wọ́n lu ọjà màmá mi ní gbàǹjo lójú màmá mi.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé àwọn ṣọ́jà yẹn ò jalè. Wọn ò mú kọ́bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbowó lọ́wọ́ èrò, inú abọ́ tánganran tí màmá mi fi ń jẹun ọ̀sán ni wọ́n ń dà á sí. Nígbà tí ọjà tán, ọ̀gá wọn gbé abọ́ náà lé màmá mi lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Màmá, ẹ ka owó yín.” Màmá mi kà á. Kò tó ìdajì owó tí wọ́n fi rajà, owó èésú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sì ni wọ́n fi rà á, wọ́n ṣì ní oṣù méje láti dá.

Alájọgbélé wa kan wà lórí ìlà yẹn, obìnrin tóun àti màmá mi jọ máa ń gúnyán nínú odó kan náà. Ó fa gèlè bojú, àmọ́ mo mọ ìrìn ẹ̀. Agolo mílíìkì mẹ́rin ló rà. Páálí ṣúgà kan bẹ́, èrò tẹ ṣúgà mọ́lẹ̀, iwájú ìsọ̀ wa funfun bí ẹni da ẹfun sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni eèrà fi ń kó o. Màmá mi ò gbá a.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò pàtẹ mílíìkì sójú títì mọ́. Kàn-ìn-kàn-ìn àti ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní ìjọba ò tíì dá iye lé kàn-ìn-kàn-ìn.

Nítorí náà, nígbà tí Ààrẹ Tinubu sọ ní oṣù kejì 2024 pé òun ò ní í dá ìgbìmọ̀ tó ń dá iye lé ọjà sílẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kan ṣoṣo tí mo tíì pàtẹ́wọ́ fún nìyẹn, nítorí ẹnu náà ló fi sọ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 fi kọjá ₦500 kí oṣù kan tó pé. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí kò tó ₦500 ní báǹkì ti lé ní ₦1,500 nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024. Ẹ wá ń bi ìyá ẹlẹ́wà pé kí ló dé. Ẹ̀wà tó ti Borno dé Bódìjà, gbogbo ibi tí wọ́n dá igi dábùú ọ̀nà ló ti sọ nǹkan sílẹ̀. Ẹni tó bu kọ́ńgò kẹ́yìn nìkan lojú yín rí, òun lẹ sì mú lólè.

Oṣù kejì yẹn náà ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní àwọn máa ta ìrẹsì tí àwọn gbẹ́sẹ̀ lé ní Yábàá, àpò kílò 25 ní ₦10,000. Ẹ rántí bó ṣe parí. Àwọn kan gbéra nílé torí ìrẹsì, wọn ò padà wálé, èrò tẹ̀ wọ́n pa. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Tunji Bello tó jẹ́ ọ̀gá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, fún àwọn ọlọ́jà ní oṣù kan pé kí wọ́n já owó ọjà wálẹ̀. Àpẹẹrẹ tó mú wá ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ èso, $89 ní Texas, ₦944,999 ní Victoria Island. Nínú gbogbo ọjà tó wọ́n nílẹ̀ yìí! Ẹni tó ń ra ẹ̀rọ ìlọ èso ní Victoria Island, ẹ jẹ́ kó máa rà á.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ rèé.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wà lọ́jà kan tí mi ò ní í dárúkọ. Obìnrin kan gbé tòmátì dé láti oko, apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin, ó fẹ́ tètè tà á kó tó rà, ó sì pè é ní owó tó rẹlẹ̀ sí ti ọjà. Mo ti ń tú àpamọ́wọ́ mi. Bí àwọn màmá mẹ́ta ṣe dé nìyẹn, wọ́n ní àwọn ni ẹgbẹ́ aláta, wọ́n ní iye tí ẹgbẹ́ dá lé apẹ̀rẹ̀ kan nìyí, kò gbọdọ̀ tà á sísàlẹ̀ ẹ̀, bí kò bá sì gbà, kó gbé e padà síbi tó ti gbé e wá. Ọ̀kan fi ẹsẹ̀ ti apẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n. Iye ẹgbẹ́ ni mo rà á nígbẹ̀yìn. Ṣé dídá iye lé ọjà kọ́ nìyẹn? Kò kàn sí kòbókò níbẹ̀ ni, gèlè ni wọ́n wé. Ta ló máa gbà mí lọ́wọ́ àwọn yẹn?

Èkejì ni èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Páálí mílíìkì mẹ́fà kọ́ ni màmá mi ní lọ́jọ́ yẹn. Mẹ́rin wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé, wọ́n fi ògbólógbòó ìró bò ó. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mò ń tẹ́ ẹní mi sí. Nígbà tí mílíìkì di ọ̀wọ́n gógó pátápátá, alájọgbélé wa yẹn wá lóru ọjọ́ kan. Ó gbé ọmọ ọwọ́ pọ̀n, ọmú ò jáde mọ́. Màmá mi ní kò sí, ó ti tán, ṣebí gbogbo ayé ló rí i nígbà tí ṣọ́jà tà á tán. Wọ́n wojú mi. Èmi náà ò sọ nǹkan kan. Oṣù bíi mélòó sí i, páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde ní ẹyọ ẹyọ, ní iye tó wù wọ́n. Àwọn páálí yẹn ló san owó tí mo fi wọ girama, girama tí mo ti pàdé ẹni tó gbé ohùn sílẹ̀ lánàá.

Alẹ́ àná ni mo pe màmá mi. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, àmọ́ orí wọn pé. Mo ní, Màámi, ẹ rántí mílíìkì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Wọ́n wá ní, “Ẹni tó tò sórí ìlà ra ọjà mi ní gbàǹjo, òun ló tún fẹ́ wá gba mílíìkì lọ́wọ́ mi?”

Mo ní, “Màámi, ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́?”

Wọ́n ní ilẹ̀ ti ṣú, kí n jẹ́ kí àwọn lọ sùn.