“Ṣáà ti débẹ̀, wàá ríṣẹ́”: irọ́ físà working holiday tí wọ́n ń tà fún wa ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa, láti Under-G títí dé Tákìé: “Ṣáà gba físà kó o débẹ̀ ná, iṣẹ́ ò wọ́n lọ́hùn-ún.” Àwọn ajẹ́ntì ti wá fún un lórúkọ tó dùn létí. Wọ́n ní físà working holiday ni, pé èèyàn á lọ gbádùn ara ẹ̀, á fi oṣù díẹ̀ ká èso lóko òyìnbó tàbí kó máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì, owó tó bá rí níbẹ̀ lá á fi san gbogbo gbèsè tó jẹ kó tó wọ bàálù. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: físà yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fún ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín pé òun máa bá yín gbà á, jìbìtì ló ń lù yín.

Àdéhùn ìjọba sí ìjọba ni físà náà. Ọsirélíà bá UK, Ireland, Faransé, Jámánì, Jàpáàn àtàwọn míì ṣe é, pé kí àwọn ọ̀dọ́ wọn máa lọ sílùú ara wọn, kí wọ́n rìn ká, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ fi jẹun. Ẹni ọdún 18 sí 30 ni wọ́n ń fún, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì wà tí wọ́n gbé ti tiwọn dé 35. Ọdún kan ló máa ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá fẹ́ lo ọdún kejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọjọ́ 88 ṣe irú iṣẹ́ tí ìjọba là kalẹ̀ ní ìgbèríko, iṣẹ́ oko ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Kánádà, New Zealand àti UK náà ní irú ẹ̀ tiwọn. Orúkọ Nàìjíríà ò sí nínú ọ̀kankan.

Mo mọ ohun táwọn èèyàn máa ń fi dáhùn: “Ṣùgbọ́n mo rí ọmọ Yorùbá tó ń ká èso àjàrà ní Ọsirélíà lórí TikTok!” Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i lóòótọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń jẹ́ Fọlákẹ́, tó ń gbọ́ Yorùbá, pásípọ́ọ̀tù ìlú ọba ló mú dání wọ Ọsirélíà. Orúkọ yín lè jọra, aṣọ yín lè jọra, ìwé ọwọ́ yín ò jọra, ìwé yẹn sì ni wọ́n máa wò ní pápákọ̀ òfuurufú.

Irọ́ ò ṣàdédé gbilẹ̀ tó báyìí. Ìgbà kan wà tó jẹ́ òtítọ́. UK ní físà working holidaymaker tẹ́lẹ̀, fún àwọn ọ̀dọ́ tó wá láti àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, àwọn ọmọ wa kan sì gbà á lọ. Ní ọdún 2008 ni wọ́n fagi lé e, wọ́n fi Youth Mobility Scheme rọ́pò ẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ mú: Ọsirélíà, Kánádà, New Zealand àti Jàpáàn. Wọ́n ti fi àwọn míì kún un látìgbà náà, wọn ò fi wá kún un. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n kan bá sọ fún yín pé ọ̀nà yìí lòun gbà dé Lọ́ńdọ̀nù, kò purọ́. Ilẹ̀kùn tó gbà wọlé ni wọ́n ti tì.

Gbòǹgbò kejì jìn ju ìyẹn lọ, ìlú wa gan-an ló sì ti hù. Ilé wo ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò ní ẹni tó ti gbé Gáná rí? Àwọn bàbá wa àtàwọn ìyá wa dé Kumasi, wọ́n dé Tamale, wọ́n wọ àwọn ìlú kéékèèké tó wà lápá òkè Gáná títí dé ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń lọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ará ilé ló ń forí lé. Wọ́n á gbé ọjà díẹ̀ lé e lórí, á máa kiri, bó bá ṣe díẹ̀ á tẹ́ ọjà sórí tábìlì, bó bá tún ṣe díẹ̀ sí i á ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó béèrè físà. Torí ẹ̀ ni mi ò fi lè bá ìyá àgbà wí tó bá sọ fún ọmọ ọmọ ẹ̀ pé, “Ṣáà máa lọ, bó o bá débẹ̀ Ọlọ́run á ṣe é.” Ohun tójú wọn rí ni wọ́n ń sọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ìyókù ìtàn náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gáná kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì ló ní láti fi gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì! Àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ọjà jọ, àwọn tó ti bímọ síbẹ̀, àwọn táwọn èèyàn jẹ lówó, wọ́n ta ẹrù wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì wọ mọ́tò padà sílé. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, owó ń wọlé. Ìwé ni wọn ò ní.

Ẹ wá fi ìyẹn wo ohun tí wọ́n ń sọ fún yín báyìí, pé kẹ́ ẹ gba físà àbẹ̀wò, kẹ́ ẹ wáṣẹ́ tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún. Físà àbẹ̀wò UK ò fàyè gba kéèyàn gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan níbẹ̀, ti Amẹ́ríkà náà bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, ọ̀gá tí wọ́n bá ká ẹni tí kò níwèé iṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ní UK lè san owó ìtanràn tó tó 45,000 pọ́n-ùn lórí ẹnì kan ṣoṣo, tó bá tún tẹ òfin náà lójú, ó lè di 60,000. Ọ̀gá wo ló máa torí ẹni tó ń fọ abọ́ fún un kówó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbà yín, ó mọ̀ pé ẹ ò lè fẹjọ́ òun sùn. Ìdajì owó ló máa san, ó sì lè má san rárá. Ní ti Kánádà, ètò kan wà nígbà Kòrónà tó jẹ́ kí àlejò lè béèrè ìwé iṣẹ́ láì kúrò nílùú náà. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n ti pa á rẹ́, síbẹ̀ fídíò àtijọ́ yẹn ṣì ń lọ láti orí WhatsApp kan sí òmíràn.

Ọmọ àdúgbò wa kan gbé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wá kí n bá òun kà á. Iṣẹ́ oko ní Kánádà, ewé maple pupa wà lókè ìwé náà, òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀. Owó tí wọ́n kọ fún wákàtí kan pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni ń san fún ẹni tó ń ká èso. Àdírẹ́sì ímeèlì oko náà, Gmail ni. Wọn ò bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù rí, wọn ò bi í bóyá ó ti dé oko rí láyé ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà tó tú wọn fó pátápátá: wọ́n ní kó san “owó LMIA” sínú àkáǹtì ẹnì kan ní báńkì wa níbí. LMIA ni ìwé tí agbanisíṣẹ́ máa ń gbà lọ́wọ́ ìjọba Kánádà kó tó lè mú àlejò síṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó tó bá wà lórí ẹ̀, òfin wọn sì kà á léèwọ̀ fún un láti gba owó náà padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ìlà kan péré yẹn tó. Inú mi bà jẹ́ nígbà tó sọ fún mi pé owó àjọ ìyá òun ló ti wà nílẹ̀ fún un.

Ǹjẹ́ ọ̀nà òdodo wà? Ó wà, ó kàn há ju bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀ lọ. UK ní físà Seasonal Worker fún kíká èso, ewébẹ̀ àti òdòdó. Oṣù mẹ́fà ni. Oko fúnra ẹ̀ kò lè pè yín wá. Àwọn iléeṣẹ́ díẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ló lè ṣe é, orúkọ wọn sì wà lórí ìkànnì ìjọba UK fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Wọn ò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín pé àwọn wáṣẹ́ fún yín. Owó físà àti owó bàálù ni tiyín. Ẹ ò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ dání, ẹ ò sì lè ti ibẹ̀ yí i padà sí físà míì. Òfin ò ní kí ọmọ Nàìjíríà má béèrè, ṣùgbọ́n Kyrgyzstan, Uzbekistan, Tajikistan àti agbègbè yẹn ni àwọn iléeṣẹ́ náà ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹ̀ ta ilẹ̀.

Fún ẹni tó ti jáde ní LAUTECH tàbí ibòmíràn, Chancenkarte, ìwé àṣẹ ìwáṣẹ́ ti Jámánì, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ló sún mọ́ ohun táwọn ajẹ́ntì ń ṣèlérí jù lọ. Ẹ lè lọ wáṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún kan, kẹ́ ẹ sì máa ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń wá a. Ó ní ohun tó ń béèrè: ìwé ẹ̀rí tí ìjọba orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ti gbà á mọ̀ sí, èdè Jámánì díẹ̀ tàbí Gẹ̀ẹ́sì tó múná, àti owó tẹ́ ẹ máa fi gbé ara yín. Ní ọdún 2025, 1,091 yúrò lóṣù kan ni wọ́n fẹ́ rí. Kì í ṣe owó kékeré. Inú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ yín ló máa wà ṣáá, ọwọ́ yín náà ló máa padà sí.

Bí ajẹ́ntì bá tún wá bá yín, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún un hàn yín. Òfin Nàìjíríà ní kí ẹni tó ń kó èèyàn lọ síṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè ní in. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní nọ́ńbà físà náà. Bó bá pe 417, tí í ṣe working holiday Ọsirélíà, ẹ ṣí ìkànnì ìjọba wọn níṣojú ẹ̀, kẹ́ ẹ wo orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tó wà níbẹ̀. Ẹ máa rí Netherlands, ẹ máa rí Norway. Ẹ ní kó fi Nigeria hàn yín.