Ẹ Gba Ìwé Ìdánrawò Iná Kí Ẹ Tó Buwọ́ Lu Owó Ọkọ̀ Ogun

Àsìkò tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ológun ojú omi máa ń gbé ìwé ètò ìṣúná lọ síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Abuja tún ti dé, ohun tí a sì ti kọ sójú ewé yìí tipẹ́ náà la tún fẹ́ kọ: kí aṣòfin kankan má ṣe fọwọ́ sí owó ọkọ̀ tuntun láìjẹ́ pé ó rí ìwé ìdánrawò iná ti àwọn ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, ọkọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti iye ìṣẹ́jú tó gbà kí omi tó kan ìdí iná.

Iye ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ USS Bonhomme Richard gbiná ní San Diego ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2020, níbi tó ti ń gba àtúnṣe, ó sì jó ju ọjọ́ mẹ́rin lọ títí tó fi di èyí tí wọ́n pa tì. Ìwádìí tí àwọn ológun náà fúnra wọn gbé jáde ní ọdún 2021 sọ pé ìgbà 14 léraléra ni àwọn atukọ̀ rẹ̀ ti kùnà nínú ìdánrawò láti mú omi tàbí fọ́ọ̀mù, ìyẹn ìhó tí wọ́n fi ń pa iná, débi iná lásìkò. Bọ́tìnì tí ì bá tú fọ́ọ̀mù sílẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì sọ pé àìlówó ló fà á.

Tiwa ńkọ́? Ọdún 1968 ni àwọn ọkọ̀ ogun wa NNS Thunder àti NNS Okpabana ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó di ti Nàìjíríà. Wáyà àti páìpù ọkọ̀ tó dàgbà báyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fojú fò dá.

Bí ẹnikẹ́ni bá dáhùn pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àwọn tí wọ́n yàn fún iná, kí ó rántí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà USS Forrestal ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1967. Kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí iná ràn tí bọ́ǹbù fi bú, tó sì pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà. Àwọn tó kù gbé họ́ọ̀sì: bí àwọn kan ti ń da fọ́ọ̀mù bo epo tó ń jó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn míì ń fi omi òkun ṣan fọ́ọ̀mù náà dànù, tí epo sì ń jó gba ihò ara irin wọ ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń sùn sí. Ènìyàn 134 ló kú. Alásè àti akọ̀wé inú ọkọ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ mọ họ́ọ̀sì í dì mú.

Omi púpọ̀ pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀: lẹ́yìn tí wọ́n pa iná ọkọ̀ ogun Íńdíà, INS Brahmaputra, ní Mumbai ní oṣù Keje ọdún 2024 tán ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ibi tó ń kọ wá lóminú jù ni ìgbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ fún àtúnṣe. Wáyà wẹ́dà a gba ẹnu ilẹ̀kùn irin kọjá, ilẹ̀kùn tó yẹ kó sé iná mọ́ kò ní ṣeé tì mọ́. Ta ni yóò fa wáyà náà yọ? Ta ni yóò jókòó ti ojú irin tí wẹ́dà jó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wẹ́dà bá ti palẹ̀ mọ́ lọ? Orúkọ ẹni náà ni à ń béèrè, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ka.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tún sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ àṣírí ààbò ni. Ọ̀tá wo ni yóò fi ọjọ́ tí wọ́n yẹ họ́ọ̀sì wò kẹ́yìn jagun? Òkun jìnnà sí Abuja lóòótọ́, ṣùgbọ́n Abuja ni wọ́n ti ń tọwọ́ bọ̀wé, àwọn òbí tí ọmọ wọn wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyí sì wà ní Kubwa àti Nyanya. Bí ọ̀gá kan bá dé iwájú ìgbìmọ̀ láì mú ìwé ìdánrawò náà dání, kí wọ́n dá a padà kó lọ mú un wá.