Ẹlẹ́wọ̀n kọ́ ni wọ́n ń pa nínú fíìmù kaboi

Bí wọ́n bá ti tan tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ lánlọ́ọ̀dù wa, àwa ọmọdé á ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orí wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Kaboi kan á jáde ní ọ̀ọ́kán, èkejì á dúró dè é, ìbọn á dún, ẹnì kan á ṣubú gbì. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní yàrá ìsàlẹ̀, tí a gbà pé ó mọ ohun gbogbo torí pé ó ń wọ táì lọ síbi iṣẹ́. Òun ló máa ń mi orí: "Ẹ ò mọ̀? Ẹlẹ́wọ̀n ni o. Wọ́n ti dájọ́ ikú fún un tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kó kúkú wá kú sínú fíìmù, kí ẹbí rẹ̀ lè rówó gbà." Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló sọ fún un.

Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ títí mo fi hu irùngbọ̀n. Àfi bí ẹnì kan ṣe tún gbé e dé lóṣù tó kọjá lórí WhatsApp àwa ọmọ kíláàsì kan náà. Bàbá tó ti ní ọmọ-ọmọ ni o. Ó kọ ọ́ bí ẹni ń ka ìròyìn, àwọn kan sì ń kan sáárá sí i. Mo ní lónìí, n ó fọ̀ ọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú eré kaboi orí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, Gunsmoke. Ogún ọdún gbáko ni wọ́n fi ṣe é, láti 1955 sí 1975, apá 635 ló sì ní. Èyí tó ṣáájú gbogbo wọn, Matt Gets It, jáde lórí CBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 1955, John Wayne, ìlúmọ̀ọ́ká òṣèré kaboi, fúnra rẹ̀ ló sì jáde wá fi eré náà han àwọn òǹwòran. Ọ̀daràn kan tó ń jẹ́ Dan Grat wọ ìlú Dodge City. Agbófinró kan wá mú un, Grat pa á. Ló bá tún ko Matt Dillon, agbófinró ìlú náà tó jẹ́ ákítọ̀ eré, lójú, ó sì yìnbọn lu òun náà. Àní apá àkọ́kọ́ gan-an ni ákítọ̀ wa ti sùn gbalaja sílẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ákítọ̀ kì í kú, díẹ̀ ló kù lọ́jọ́ náà.

Níbi tí Matt ti ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà ló ti ro ọ̀rọ̀ náà títí, ó sì rí àṣírí Grat. Ọwọ́ rẹ̀ yá lóòótọ́, àmọ́ ìbọn rẹ̀ kì í bá nǹkan tó bá jìnnà. Ìdí nìyí tó fi máa ń rìn sún mọ́ èèyàn pẹ́kípẹ́kí kó tó fa ìbọn yọ. Nígbà tí wọ́n tún pàdé, Matt ò jẹ́ kó sún mọ́ òun. Grat ló kọ́kọ́ yìn, ó tàsé. Matt fara balẹ̀, ó yin tiẹ̀, Grat kú.

Dan Grat ló kú o, Paul Richards, òṣèré tó ṣe Grat, ò kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo Beneath the Planet of the Apes ní 1970, ọkùnrin tó jẹ́ olórí fún àwọn èèyàn abẹ́ ilẹ̀ yẹn, òun ni. Ọdún 15 lẹ́yìn tí Matt Dillon ti "pa" á ló ṣì ń gbowó fíìmù.

Ti Arvo Ojala tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ Gunsmoke, níbi tí ọkùnrin méjì ti ń kojú ara wọn ní àárín títì? Ojala ni ẹni tí wọ́n ń yìnbọn fún níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ló ń kú, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkùnrin yìí kan náà ló ń kọ́ àwọn òṣèré Hollywood bí wọ́n ṣe ń fa ìbọn yọ kíákíá, ó sì tún ń ṣe àpò ìbọn tí wọ́n fi irin tẹ́ inú rẹ̀ kó má bàa há. Ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n.

Jack Elam ńkọ́, òṣèré kaboi tí ojú òsì rẹ̀ kì í wo ibi tí ọ̀tún ń wò? Pẹ́ńsùlù ni ọmọ kan fi gún un lójú nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìṣirò owó ló ń ṣe jẹun ní Hollywood kó tó di pé ìwé kíkà fẹ́ ba ojú tó kù jẹ́. Ló bá dúnàá dúrà: òun á bá wọn wá owó fíìmù, kí wọ́n fún òun ní ipa burúkú kan ṣe níbẹ̀. Ojú tó bàjẹ́ yẹn ló wá sọ ọ́ di olówó. Ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀daràn, akọ̀wé owó ni!

Ẹ wá gbọ́ èyí tó fọ́ ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Lóṣù Kẹfà 1967, wọ́n pa Luis Monge, ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n dájọ́ ikú fún, ní ìpínlẹ̀ Colorado. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò pa ẹlẹ́wọ̀n kankan mọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà títí di oṣù Kìíní 1977, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Gary Gilmore ní Utah. Kódà ní 1972, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn fagi lé òfin ìdájọ́ ikú bó ṣe wà nígbà náà. Gbogbo àkókò yẹn, àwọn èèyàn ń ṣubú nínú Gunsmoke, títí eré náà fi parí ní 1975. Níbo ni wọ́n ti ń rí ẹlẹ́wọ̀n pa?

Ìbọn tó ń dún ńkọ́? Ẹni tó bá ti lọ síbi ìsìnkú ọdẹ rí ò yẹ kó béèrè. Ẹ̀tù ni àwọn ọdẹ ń kì sínú ṣakabùlà, wọn kì í fi ọta sí i, síbẹ̀ ó ń dún débi pé ewúrẹ́ á já okùn. Bí ọta fíìmù ṣe rí nìyẹn: ẹ̀tù ló wà nínú rẹ̀, òjé kò sí lórí. Kì í ṣe pé kò léwu. Lóṣù Kẹwàá 1984, òṣèré kan, Jon-Erik Hexum, fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ti ẹ̀bátí ara rẹ̀ láti fi ṣeré, agbára ẹ̀tù náà fọ́ ọ lágbárí, ó sì gba ibẹ̀ kú.

Ẹ sì wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí èèyàn bá kú lóòótọ́. Lóṣù Kẹwàá 2021, wọ́n ń ya fíìmù kaboi kan tó ń jẹ́ Rust ní New Mexico. Ọta gidi ti wọ inú ìbọn tó wà lọ́wọ́ Alec Baldwin, òṣèré fíìmù náà. Ó pa Halyna Hutchins, obìnrin tó ń darí yíya àwòrán, ó sì ṣe olùdarí eré léṣe. Iṣẹ́ dúró, ọlọ́pàá dé, gbogbo ayé gbọ́. Ní 2024, ilé ẹjọ́ rán ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìbọn wọn lọ sẹ́wọ̀n oṣù 18. Nítorí ẹnì kan péré ni gbogbo rògbòdìyàn yìí ṣe ṣẹlẹ̀ o.

N ò kúkú fẹ́ bú ẹ̀gbọ́n onítáì wa. Bí wọ́n bá pa èèyàn nínú eré Ògúnǹdé, gbogbo wa la mọ̀ pé eré ni, torí ẹni tó kú lálẹ́ àná á tún kó sínú ọkọ̀ lọ kú ní ìlú kejì. Àwọn kaboi ò gba àdúgbò wa kọjá. Ní 1971, wọ́n so Oyènúsì adigunjalè àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ òpó ní Bar Beach l'Ékòó, wọ́n yìnbọn pa wọ́n lójú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn, àwọn kan sì ń pè é ní "Bar Beach Show". Ọmọ tó bá rí fọ́tò ìyẹn nínú ìwé ìròyìn láàárọ̀, tó wá wo kaboi nírọ̀lẹ́, kí ló máa fi ya ọ̀kan sọ́tọ̀?

Mo kó gbogbo èyí dé orí WhatsApp. Mo fi ti Morgan Woodward kún un, ẹni tó wá ṣe àlejò nínú Gunsmoke nígbà 19, tó sì jẹ́ ẹni ọdún 93 kó tó kú ní 2019. Bàbá tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ò sọ nǹkan kan títí alẹ́ fi lẹ́. Nígbà tó máa dáhùn, ó ní: "Ìyẹn á jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ gùn gan-an ni."